Ẹ Kú Ọjọ́ Ibi

Kéèkì mi kì í sábà já mi kulẹ̀. Ó máa ń wú dáadáa, bọ́tà rẹ̀ máa ń pé, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní Òkè-Ọ̀dàn yóò béèrè ẹni tó yan án. Ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ sórí rẹ̀ ló máa ń tú àṣírí mi. Fún ìgbà pípẹ́ ni mo fi gbà pé ẹnu la yan kéèkì fún, pé bó bá ti dùn, kò sẹ́ni tí yóò dúró kàwé lórí rẹ̀. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ọmọdé pàápàá á kọ́kọ́ ka orí kéèkì kó tó béèrè ìgbà tí wọ́n máa gé e.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló fẹ́ ṣe àádọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ rẹ̀ pè mí láti Èkó, wọ́n ní èdè Yorùbá ni kí n fi kọ ọ́: “Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Màmá wa.” Mo ní kò sí wàhálà. N kò wọn kéèkì, n kò ka lẹ́tà, mo kàn gbé kiríìmù, mo bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì pẹ̀lú lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà. Mo fi dọ́ọ̀tì sábẹ́ Ẹ. Mo fi àmì sórí kú. Ọjọ́ náà gba dọ́ọ̀tì méjèèjì àti àmì rẹ̀, inú mi sì ń dùn sí ara mi. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, mo ti dé etí kéèkì. Oṣù kẹta ni, wọ́n ti mú iná lọ, fáànù ti dúró, kiríìmù ti ń yọ́ nínú ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ mi. Mo fún “ibi” mọ́ àyè tó kù láìfi àmì kankan sí i. Ta ni kò ní mọ ohun tí mo ní lọ́kàn? “Màmá wa” wá bọ́ sí ìsàlẹ̀, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, Màmá kò jẹ́ kí atọ́kùn ètò ka kéèkì òun fún òun. Wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n kà á bí ẹni tó ń ka ìwé fún àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀: “Ẹ kú ọjọ́ ibi.” Wọ́n tún un kà. “Ọjọ́ ibi ta ni, ẹ̀yin ọmọ mi?” Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan fọwọ́ yí orí ká, ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Èmi tí mo mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ kò mọ ibi tí mo lè gbé e sí mọ́.

Nígbà tó yá, Màmá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà ìrẹsì. “Ìyá Kéèkì, ká ní o ò fi àmì sí ìkankan ni, èmi fúnra mi ni mi ò bá fi sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n o fi sí ọjọ́, o wá fi ìkejì sílẹ̀. Ohùn àárín ni kì í gba àmì. Ìwọ lo pè é ní ibi.”

Ẹjọ́ náà dá mi lẹ́bi, n kò rí nǹkan fèsì. Mo sì mọ àmì ọ̀rọ̀ náà o. Àyè ni kò sí. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìkọ̀wé orí kéèkì lórí YouTube, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, lẹ́tà wọn kì í dé fìlà, kì í wọ bàtà. Tiwa ń ṣe méjèèjì. Bí o bá kọ ìlà méjì, dọ́ọ̀tì abẹ́ ìlà òkè á bọ́ sórí àmì ìlà ìsàlẹ̀, wọ́n á di àbàwọ́n kan ṣoṣo. Àwọn àgbà tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS kó jọ ní Èkó lọ́dún 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá kò ro ti ẹni tó ń fi ṣúgà kọ ọ́ nínú ooru.

Ní báyìí, mo máa ń gé ìwé kí ó tó ojú kéèkì gẹ́lẹ́, màá fi bírò kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sí i, àti fìlà àti bàtà, màá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníǹkan. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, màá fi igi ìtayín sàmì sójú kéèkì, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òsì. Kí ẹ jọ̀ ṣúgà tí ẹ máa fi po kiríìmù dáadáa o, nítorí kókó kékeré kan á dí ẹnu nozzle, irin tí kiríìmù ń gbà jáde, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́, á sì bẹ́ lójijì sórí orúkọ ọlọ́jọ́ìbí. Nozzle nọ́ńbà 2 tàbí 3 ló tó fún lẹ́tà. Kiríìmù díẹ̀ ni kí ẹ bù sínú ọ̀rá, torí ooru ọwọ́ á yọ́ ọ. Ẹ má fi ẹnu irin náà wọ́ ojú kéèkì bíi bírò. Ẹ jẹ́ kó fara kàn án, ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí okùn kiríìmù máa balẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ dẹwọ́ kí ẹ tó gbé e kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo lẹ́tà yín á yọ ìrù. Èmi máa ń parí lẹ́tà tán kí n tó padà wá tò dọ́ọ̀tì àti àmì. Bí ọkàn mi kò bá balẹ̀ rárá, orí fondant pẹlẹbẹ, ìyẹn ṣúgà tí a pò tí a sì tẹ́, ni màá kọ ọ́ sí lọ́tọ̀, kí n tó gbé e lé kéèkì. Èyí tó bá bàjẹ́, màá jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn tí ìjọba ṣí bọ́dà Ìdí-Ìrókò padà ní oṣù kẹrin ọdún 2022, àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin lódìkejì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ìdílé ìyàwó kan láti Pobè fi orúkọ ọmọ wọn ránṣẹ́: Folachadé. Èmi ọ̀mọ̀wé tuntun, mo tún un kọ sí Fọláṣadé, mo fi dọ́ọ̀tì gún un régé. Bàbá ìyàwó wò ó, ó béèrè ọmọ ẹni tí a fẹ́ fà fún ọkọ. Faransé ló fi ch sí ṣ fún wọn, bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé ẹ̀rí ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń buwọ́ lùwé. Àwọn mìíràn lọ́dọ̀ wọn ń lo ɔ àti ɛ tó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Benin gbé kalẹ̀ ní 1975. Kí n má purọ́, ó wù mí. Kò ní dọ́ọ̀tì tó lè jábọ́. Ṣùgbọ́n bí olórúkọ bá ṣe kọ ọ́ ni mo ń kọ ọ́ báyìí. N kì í gba orúkọ lórí ohùn WhatsApp mọ́.

Èyí tó tún dé báyìí ni orúkọ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gé lára ike dídán, tí wọ́n á kàn gún mọ́ orí kéèkì. Àwọn oníbàárà rò pé ó ti gbà mí sílẹ̀. Ó máa ń ti Èkó dé láìní dọ́ọ̀tì, oníǹkan á sì ní kí n bá òun fi sí i. Ibo ni n ó kan dọ́ọ̀tì mọ́ nínú afẹ́fẹ́? Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń yí fondant róbótó tó bá àwọ̀ ike náà mu, màá jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, màá wá fi ṣúgà tí mo po mọ́ funfun ẹyin lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́tà. Mo ń gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀.