Àmì Tó Wà Lójú Fídíò

 

Ọ̀rọ̀ fídíò inú íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ní kíláàsì tí mo ń kọ́ ní agbègbè Kétu, bí a bá ti pa ìwé dé, àwọn ìyá á yọ pọ́tábù jáde. Wọ́n á ní, "Olùkọ́, ẹ bá wa wo eléyìí, ó kọ̀, kò lọ."

Ẹ wo àmì onígun mẹ́ta yẹn. Ṣé ẹ rántí rédíò kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́? Àmì náà wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀, á wọlé, á sì dúró sínú níbẹ̀ títí kásẹ́ẹ̀tì á fi tán. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa pàápàá lè fi ọwọ́ bà á, kó mọ̀ pé ó ń lọ. Ti orí pọ́tábù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí fídíò bá dúró, onígun mẹ́ta ló máa hàn. Bí ó bá ń lọ, igi méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló máa hàn. Àmì náà kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ló ń sọ. Ta ló ṣàlàyé èyí fún àwọn ìyá wa? Àwa kọ́ wọn pé bí wọ́n bá rí "a", "a" ni kí wọ́n pè. Nígbà tí wọ́n bá wá rí àmì pé ó ń lọ, tí àwòrán sì dúró gbagidi, wọ́n á ní orí àwọn ló kú. Orí wọn kò kú rárá. Ẹni tó ṣe àmì náà ni kò ro tiwọn mọ́ ọn.

Àwọn àmì náà kì í tún dúró. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan ojú pọ́tábù fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á pòórá. Ẹ ó tún fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó padà. Bí ọwọ́ yín bá sì gbọ̀n, tó kàn án lẹ́ẹ̀mejì lápá ọ̀tún, fídíò á fò síwájú ní ìṣẹ́jú àáyá 10.

Ti owó ńkọ́? Ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 360 àti 720. Iye ìlà tó di àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀ nìyẹn. Tótó tó wà nínú 720 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti 360, nítorí náà ó ń jẹ mẹ́gà jù ú lọ. Ẹni tó fẹ́ fi sẹ́fà 500 ṣe ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ mọ èyí. Ṣùgbọ́n wọ́n fi í pamọ́ sẹ́yìn àmì kan tó dà bí eyín irin kẹ̀kẹ́, Faransé ni wọ́n sì fi kọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí fídíò kan bá tán, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan sùn lọ nídìí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹ́gà ti tán pátápátá.

Ìyá àgbà kan wà láàárín wa tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin máa ń kọrin Ẹ̀fẹ̀. Ó ti dolóògbé. Ẹnì kan ya fídíò òru Ẹ̀fẹ̀ kan, ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohùn ẹ̀gbọ́n ìyá yìí sì wà nínú rẹ̀. (UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé ní 2001, inú wa sì dùn sí i.) Fídíò náà gùn tó 100 ìṣẹ́jú. Ìlà tín-ín-rín tí a fi ń wá ibi tí a fẹ́ kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ lójú pọ́tábù ìyá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: mìlímítà 60 ni fún 100 ìṣẹ́jú. Mìlímítà kan ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ! Ìka ta ló tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀? Bí ìyá bá sún un síwájú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọrin tán. Bó bá fà á sẹ́yìn, ìpolówó ọṣẹ á jáde. Ìgbà kan wà tó kàn gbé pọ́tábù kalẹ̀, tó ń sunkún.

Nọ́ńbà ni a fi yanjú rẹ̀. Mo fi 52:10 tó wà nísàlẹ̀ fídíò hàn án: ìṣẹ́jú 52, ìṣẹ́jú àáyá 10. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó tún kọ ọ́ sára ògiri. Nísinsìnyí, ó ń sún ìlà náà títí yóò fi kọjá 52 díẹ̀, á wá fọwọ́ kan apá òsì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mejì, kó máa padà ní 10, 10, títí yóò fi gbọ́ ohùn náà. Kò tíì lè ka gbólóhùn gígùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá a wá orin náà mọ́.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá ó bi mí pé, "Olùkọ́, nígbà tí mo ti mọ nọ́ńbà rẹ̀, kí ló dé tí n kò lè kọ ọ́ síbẹ̀, kó gbé mi lọ tààrà?" Mo gba pọ́tábù náà, mo wo gbogbo àmì tó wà lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò rí ibi tí a lè kọ ọ́ sí.