Lidice, Abúlé Tí Wọ́n Fẹ́ Pa Rẹ́

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì ní Prague, olú-ìlú Czech, tí ẹ kọrí sí ìwọ̀-oòrùn àríwá, nǹkan bíi kìlómítà 20 ni ẹ ó rìn kí ẹ tó dé Lidice. Láti 1318 ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ látijọ́. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ibẹ̀ ń lọ wa èédú tàbí kí wọ́n ṣiṣẹ́ irin ní Kladno.

Lóṣù karùn-ún 1942, nígbà tí Jámánì ń fi tipátipá ṣàkóso ibẹ̀, àwọn sójà kan tí bàlúù já sílẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju bọ́ǹbù lu Reinhard Heydrich, ẹni tí Hitler fi jọba lé wọn lórí. Nígbà tó kú, Hitler ní kí wọ́n gbẹ̀san. Ẹ̀sùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n fi kan Lidice. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹfà, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin 173 nínú oko ìdílé Horák. Wọ́n kó àwọn obìnrin lọ sí àgọ́ Ravensbrück, wọ́n sì fi gáàsì olóró pa ọmọ 82. Wọ́n wó ilé, wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n hú sàréè, wọ́n tilẹ̀ dí adágún omi wọn. Kí ni òkú inú sàréè ṣe fún wọn?

Ẹni tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni František Saidl. Ó ṣèèṣì pa ọmọ rẹ̀ lọ́dún 1938, ẹ̀wọ̀n ló sì wà nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọdún Kérésìmesì 1942 pé, ó rìn wálé, pápá yìnyín ló bá. Ó lọ bá àwọn sójà Jámánì ní Kladno, ó ní ará Lidice lòun, pípa tí wọ́n pa Heydrich sì tẹ́ òun lọ́rùn. Wọ́n kàn fi í rẹ́rìn-ín ni.

Obìnrin 143 àti ọmọ 17 ló padà lẹ́yìn ogun. Barnett Stross, dókítà kan ní Stoke-on-Trent, àti àwọn awakùsà ibẹ̀ dáwó jọ, wọ́n sì kọ́ Lidice tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Ti àtijọ́ ti di pápá koríko. Ère idẹ àwọn ọmọ 82 náà, obìnrin 42, ọkùnrin 40, dúró níbẹ̀. Marie Uchytilová tó mọ wọ́n kú ní 1989. Ọdún 2000 ni wọ́n tó gbé èyí tó kẹ́yìn kalẹ̀. Àwọn àlejò máa ń gbé nǹkan ìṣeré ọmọdé sí ẹsẹ̀ wọn.