Koríko Òkun Tí Mo Dà Nù

Iṣẹ́ mi ni láti máa gba àwọn ẹbí níyànjú, ẹnu mi kò sì yé sọ pé kí òbí máa fetí sí ọmọ. Lónìí, ara mi ni mo fẹ́ bá wí.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16, ṣa koríko òkun ní Margate, ó sì sá a sí ilé ìdáná wa. Òórùn gba ilé kan. N kò béèrè ohunkóhun. Mo dà á nù, mo sì bi í bóyá torí ìdọ̀tí ni a ṣe wá sí Ìlú Ọba. Fún ọjọ́ mẹ́ta, “Ẹ káàárọ̀, mà” nìkan ni mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ka iwájú mi. Ó kọ ọ́ pé ní 2010, òjé tó jáde níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara. Ó fẹ́ mọ ohun tó lè fa irú májèlé bẹ́ẹ̀ jáde nínú omi. Ara koríko òkun aláwọ̀ ilẹ̀ ní èròjà kan, álájínéètì, tó ń di mẹ́táàlì mú, kódà bí koríko náà bá ti gbẹ. Ní 1993, Bohumil Volesky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì McGill, ní Kánádà, fi hàn pé gíráàmù kan rẹ̀ lè gba cadmium tó ju mílígíráàmù 100 lọ.

Iyọ̀ ni ìṣòro. Bí omi ìdọ̀tí bá ní iyọ̀, iyọ̀ a máa bá mẹ́táàlì du àyè lára koríko. Òjé kì í tètè yọ̀ǹda àyè tirẹ̀. Cadmium ni iyọ̀ máa ń fà mọ́ra, tí ó fi ń ṣòro mú. Bí a bá wá fi ásíìdì tí kò le ṣan koríko náà, mẹ́táàlì á bọ́ kúrò, a ó sì tún un lò.

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Ìyá mi kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi rí. Èmi tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi. Ní Sátidé, àwa méjèèjì jọ lọ ṣa òmíràn. Ẹ̀yìnkùlé ni a sá a sí.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ohun yòówù tí ọmọ yín bá gbé wọlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó dà á nù.