Owó Pláànù Ilé: Ẹ Gba Rìsíìtì

Wolé-wolé tí ń yọjú wo àmù ni àwọn bàbá wa mọ̀. Èyí tí ń yẹ ìpìlẹ̀ wò ni ó kan àwa. N kò bá a jà. Ó ti pẹ́ tí òfin ètò ìlú ti wà ní Nàìjíríà, ilé tí ó wó kì í mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń sanwó fún. Bí ilé ti tóbi tó, àdúgbò tí ó wà, àti ohun tí a fẹ́ fi ṣe, ni wọ́n fi ń ṣírò owó náà. Ti ṣọ́ọ̀bù a máa ju ti ilé gbígbé lọ. Ẹni tí ó kọ́lé kí ó tó gbàṣẹ yóò san ìtanràn lé e.

Nígbà tí mo ń fi owó oṣù tíṣà kọ́ yàrá mẹ́ta l'Ábẹ́òkúta, ọkùnrin kan dé, ó fi ọ̀dà pupa kọ ògiri mi, ó ní kí n mú owó wá. Mo fi ìwé àṣẹ hàn án, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí n lọ san án ní báńkì." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Owó tí kò ní rìsíìtì kò lè gba ilé sílẹ̀ lọ́jọ́ tí katapílà bá dé.