Aago Dakar Ló Dá Màmá Láre

Àwa tọkọtaya la ṣe áàpù kékeré tí mọ̀lẹ́bí wa fi ń dá àjọ. Bí owó bá ti wọlé, áàpù yóò kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún oṣù, yóò to orúkọ àwọn tí kò tí ì san sórí WhatsApp ẹbí. Ní oṣù Kẹwàá, orúkọ kan ṣoṣo ló jáde: orúkọ Màmá, àgbà ilé wa, ẹni tí kì í jẹ gbèsè.

Màmá ní àwọn ti san. A yẹ inú oṣù Kẹwàá wò títí, a ò rí i. La bá sọ ọ̀rọ̀ tó ń dùn wá di òní: "Màmá, bóyá ti oṣù tó kọjá lẹ ń rò." Wọn ò fèsì. Láti ọjọ́ náà, wọn ò dá sí ọ̀rọ̀ kankan mọ́ lórí WhatsApp ẹbí.

Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, a lọ sí Dakar, ní Senegal. Ó ti pẹ́ tí a ti ń tọ́jú owó láti lọ mòòkùn nítòsí erékùṣù Ngor. Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ wa lẹ́yìn, wọ́n sì kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ sé èémí lábẹ́ omi. Ẹni tó bá sé èémí tó sì sáré gòkè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa fẹ̀ sí i, ó sì lè fa ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ya.

A ò tí ì ju mítà 3 lọ tí etí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọ̀kan nínú wa. Ó fẹ́ fi tipá lọ sísàlẹ̀. Olùkọ́ dì í lápá mú, ó fọwọ́ júwe pé kó padà sókè díẹ̀, kó di imú mú, kó rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ títí etí yóò fi ṣí. Bẹ́ẹ̀ ni ìrora náà lọ.

Nígbà tí a jáde lómi, a wo aago ọwọ́ wa, a ní aago 12 ti lù, ebi ń pa wá. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní aago 11 ni. Ẹ̀rín wa kò pẹ́. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú Senegal, nítorí aago Greenwich ni Senegal ń lò. Aago yẹn náà ni kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àjọ wa ń lò.

A padà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tí etí ń dùn. A ṣí oṣù Kẹsàn-án tí a ò tí ì wò rí. Owó Màmá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì wọlé ní ọjọ́ 30, aago 11:20 alẹ́. Ní Nàìjíríà, aago 12:20 òru ni, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá. Àṣìṣe ọwọ́ wa ni.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la tún un ṣe: áàpù yóò kọ́kọ́ ṣírò aago Nàìjíríà kó tó yan oṣù. Nígbà tí a délé, ọ̀kan nínú wa dọ̀bálẹ̀, èkejì kúnlẹ̀ fún Màmá. A sì bẹ̀ wọ́n lórí WhatsApp, lójú gbogbo ẹbí, níbi tí orúkọ wọn ti jáde.

Màmá ní, "Mo ti dárí jì yín. Òru ni mo máa ń jí gbàdúrà, ìgbà náà ni mo sanwó. Ẹ ò kàn bi mí ni."

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ kọ̀ǹpútà nìkan la gbọ́.