Òfin Ojú Ìwé Kan

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ eré ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan. Eré ni ó fẹ́ tú wa ká, eré náà ni ó sì tún kó wa jọ.

Mẹ́rin ni wá. Ilé kéú kan náà ni a ti kọ́ álífù ní Fìdítì, alfa kan náà ni ó kọ́ wa, pàṣán kan náà ni ó sì nà wá. Ọ̀kan nínú wa di olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan di télọ̀, ọ̀kan ń tún fóònù ṣe, ọ̀kan sì ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn awakọ̀ ti máa ń dúró ra èso. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ni a ó fi pe ara wa. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsárì, iwájú ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ ni a máa ń pàdé. Ayò ni a máa ń ta níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A kì í fi owó sí i.

Ní Iléyá ọdún 2018, ẹlẹgbẹ́ wa kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wá sílé, ó sì gbé páálí kan fún wa. Ó ní àwọn ọmọ òun ti dàgbà kọjá rẹ̀. Ohun tí a bá nínú rẹ̀ yà wá lẹ́nu: àwọn ọmọ-ogun kéékèèké tí a fi ike ṣe, tí wọn kò ga ju àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n wọ ẹ̀wù irin, àwọn ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ń rìn bí ènìyàn, ìbọn tí iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ogun ọjọ́ iwájú ni, ogun àwọn tí ń ti inú ìràwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, ṣùgbọ́n orí tábìlì ni a ti ń jà á. Téèpù ni a fi ń wọn ibi tí ọmọ-ogun lè rìn dé, dáìsì ni ó sì ń sọ bóyá ọta bà á tàbí kò bà á. Àwa àgbàlagbà mẹ́rin jókòó yí tábìlì ká bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Inú wa dùn.

Ìwé òfin rẹ̀ wà nínú páálí náà pẹ̀lú. Ó nípọn bí búrẹ́dì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà wẹ́wẹ́. Irú ọmọ-ogun kọ̀ọ̀kan ni ó ní òfin tirẹ̀, ìbọn kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, òfin tí a bá kà níwájú a sì tún bá ohun tí ó yí i padà lẹ́yìn. Ẹlẹgbẹ́ wa tún sọ fún wa pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín máa ń tẹ òmíràn jáde, tí èyí tí ó wà lọ́wọ́ á di ti àtijọ́, tí ẹni tí ó bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ ṣe é á sì tún lọ ra tuntun. A rẹ́rìn-ín. A ní ti wa ti tó wa.

Olùkọ́ ni ó mọ ìwé jù nínú wa. Òun ni ó gbé e lọ sílé, òun ni ó kà á, òun ni ó sì ń sọ fún wa ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Láìpẹ́, òun ni ó di adájọ́, òun náà sì ni ó ń jà. Ẹni tí ó ń jẹjọ́ tí ó tún ń dá a, ta ni yóò borí rẹ̀? Kì í ṣe pé ó ń rẹ́ wa jẹ. Ó fẹ́ràn ìwé náà ní tòótọ́. Ó mọ ìtàn ọmọ-ogun kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ oríkì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dójú ẹ̀, ìwé ni yóò ṣí, àwa yòókù á sì dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ku Olùkọ́ àti Ọlọ́sàn lórí tábìlì. Ọlọ́sàn kò kà ju ìwé mẹ́rin lọ nílé ẹ̀kọ́, kò sì tíì borí láti ìgbà tí páálí náà ti dé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó fi sùúrù pa ọmọ-ogun rẹ̀ mọ́ sẹ́yìn agolo mílíìkì títí ẹ̀rọ ńlá Olùkọ́ fi sún mọ́ tòsí. Ó ju dáìsì. Ẹ̀rọ náà kú. A ti la ẹnu láti hó, ni Olùkọ́ bá gbé ọwọ́ sókè pé, “Ẹ dúró ná.” Ó ṣí ìwé, ó ka Gẹ̀ẹ́sì, ó sì túmọ̀ rẹ̀ pé irú ìbọn yẹn kò lè pa irú ẹ̀rọ yẹn láti ọ̀ọ́kán. Ẹ̀rọ tí ó ti kú tún dìde.

Ọlọ́sàn wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú wa. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ kú eré o,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta ni kò fi yà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá pàdé ní mọ́sálásí, ó ń dá wa lóhùn sálámà, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń fi ọsàn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa, èyí tilẹ̀ tún dun wá jù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ń wá nǹkan mìíràn nínú ìwé náà, ó sì rí i pé òfin tí òun kà lọ́jọ́ náà ní “àyàfi” kan lójú ìwé mìíràn. Àyàfi náà gbe Ọlọ́sàn. Ẹ̀rọ náà kú lóòótọ́. Olùkọ́ lè pa á mọ́ra, kò pa á mọ́ra. Ó gbé ìwé wá, ó fi hàn wá, ojú sì tì í. Ojú ti àwa náà jù ú lọ. Òun kò purọ́. Ohun tí ó rí ni ó kà. Àwa ni a kò mọ̀ tí a ṣe bí ẹni tí ó mọ̀, nítorí a kò fẹ́ kí wọ́n pe àwa náà ní púrúǹtù. Ìwé tí ó nípọn máa ń fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí.

Onífóònù ni ó wá ojútùú. Ó rí òfin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Grimdark Future ni orúkọ rẹ̀, ti àwọn kan tí ń jẹ́ One Page Rules. Ogun ọjọ́ iwájú kan náà ni, ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ju ojú ìwé díẹ̀ lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Nọ́ńbà méjì péré ni ọmọ-ogun kọ̀ọ̀kan ní: ọ̀kan ń sọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti dá tó, èkejì ń sọ bí ààbò rẹ̀ ti le tó. Ìwọ sún ọ̀wọ́ ọmọ-ogun kan, èmi náà sún ọ̀kan, títí gbogbo wọn á fi sún. Ìpele mẹ́rin, eré parí. Ẹni tí ó bá di ibi tí a ń jà lé lórí mú jù ni ó borí. Kò sì béèrè páálí ta ni o rà. Ohun tí o bá ní ni kí o gbé sílẹ̀.

A lọ sí ilé Ọlọ́sàn ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọjọ́sí, ìwọ ni o borí. Èmi ni mi ò kà á dé òpin. Jọ̀wọ́, má bínú.” Ọlọ́sàn kò dáhùn kíákíá. Ó bó ọsàn fún wa ná. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, “Èyí tí ẹ mú wá yìí, ṣé orí èmi náà lè gbà á?” A kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì ní Yorùbá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, òun ni ó ń kà á fún wa láti inú orí ara rẹ̀, ó sì rí ibi kan tí a ti ṣì í túmọ̀. Olùkọ́ kọ ohun tí a fẹnu kò lé lórí sí ojú ìwé kan nínú ìwé àjákọ ọmọ rẹ̀, a sì ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà, kò sí adájọ́ láàárín wa mọ́. Ẹni tí ó bá ṣì í, ẹni mẹ́ta ni yóò sọ fún un.

Bí ẹnìkan bá rò pé àìmọ̀wé wa ni ó fa wàhálà yìí, kí ó gbọ́ ti àwọn tí ogun jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 1824, ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ Georg von Reisswitz gbé eré ogun kan síwájú àwọn ọ̀gá ológun Prussia, ní ilẹ̀ tí ó di Jámánì lẹ́yìn náà. Orí àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú dáìsì àti àtẹ ìṣirò, adájọ́ sì wà níbẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, òfin rẹ̀ ń pọ̀, ó sì ń sú àwọn ológun. Nígbà tí ó di 1876, ọ̀gá ológun kan, Julius von Verdy du Vernois, ní kí wọ́n pa àwọn òfin náà tì, kí ẹni tí ó ti rí ogun rí máa fi ìrírí rẹ̀ dájọ́. Ó mú un rọrùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwa kò lè gba ti Verdy, nítorí ó tún gbé gbogbo rẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́, ibẹ̀ ni a sì ti ń bọ̀. Kì í ṣe pé kí òfin kéré nìkan ni ó ń gba ènìyàn là. Àfi kí ó wà lẹ́nu gbogbo ẹni tí ó jókòó.

Ayò ni ó ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀, a kò kàn fiyè sí i ni. Ilé méjìlá, ọmọ méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ta ni ó ń ta ìwé òfin ayò? Bí a kò bá ní ọpọ́n, a ó gbẹ́ ilẹ̀. Ọmọdé tí ó dúró wòran lè sọ fún ọ̀ta pé ó ti fo ilé kan, ọ̀ta kò sì ní bínú. Síbẹ̀, ta ni yóò sọ pé eré òpè ni ayò nítorí pé òfin rẹ̀ kò pọ̀?

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Alfa tí ó kọ́ wa ní kéú ń kọjá lọ ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó sì dúró wò wá. Ó ní, “Mo mọ̀ pé ẹ kò fi owó sí i. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ ń jù yẹn?” A ní dáìsì ni. Ó rán wa létí pé tẹ́tẹ́ wà lára ohun tí Súúrà Màídà, áyà 90, kọ̀ fún wa. Ó sì tún rán wa létí hàdíísì tí ó wà nínú àkójọ Ìmáàmù Muslim, níbi tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti fi ẹni tí ó ń ṣe eré onídáìsì àwọn ará Páṣíà wé ẹni tí ó ki ọwọ́ bọ ẹran àti ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ kò gba dáìsì láàyè, owó wà ńbẹ̀ o, kò sí ńbẹ̀ o. Ó kí wa, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

A kò jiyàn. Bí ó bá ṣe pé ìwé ńlá ọjọ́sí ni, kò sí bí a ó ti yọ dáìsì kúrò nínú rẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ kò ní wó. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kan ni tiwa, àwa ni a sì fi ọwọ́ wa kọ ọ́. Ọlọ́sàn ni ó dá a lábàá pé kí a máa fi ìka ta ọmọ ayò. Igi òwú tí ó ti tán lọ́dọ̀ Télọ̀ di ọmọ-ogun, bátìrì rédíò tí ó ti kú di ẹ̀rọ ńlá. Ẹni tí ó bá fẹ́ yìnbọn á gbé ọmọ ayò sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ-ogun rẹ̀, á fi ìka ta á. Igi òwú tí ó bá ṣubú ti kú. Bátìrì, àfi kí ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni Onífóònù wá kà fún wa pé ẹnìkan ti ṣe irú rẹ̀ rí: H. G. Wells, Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìtàn nípa àwọn ará Máàsì tí wọ́n wá gbógun ja ayé, ní 1898. Nínú ìwé eré ogun tí ó tẹ̀ jáde ní 1913, ìbọn ńlá ọmọdé tí ń ta igi kékeré ni ó fi ń pa ọmọ-ogun ṣubú. Dáìsì kò sí ńbẹ̀.

Nígbà tí Alfa tún kọjá, a pè é kí ó wá wò ó. Ó ní, “Èyí ti di ọ̀rọ̀ ojú àti ọwọ́.” Ó gba ọmọ ayò kan, ó ta á, ó tàsé, ó ní ìmọ́lẹ̀ ni kò tó.

Olùkọ́ ṣì máa ń ṣí ìwé ńlá náà nílé. Ó ní àárò àwọn ìtàn inú rẹ̀ ń sọ òun, a sì gbà á gbọ́. Ohun tí ó dára wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, bí Ọlọ́sàn bá ti gba bátìrì rẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ìwé tí a ń ṣí mọ́. Olùkọ́ á kàn mú un kúrò lórí tábìlì, á ní, “Ó kú.” Àwọn ọmọ wa sì ti ń ṣe tiwọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, èèpo ọsàn ni òkè, ìdérí bírò ni ọmọ-ogun. A kò kọ́ wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ bá wa wo àwọn òfin tí a fi ń darí ìdílé, ẹgbẹ́ àti ìpàdé wa. Ta ni ó mọ̀ ọ́n? Ta ni ó ń dákẹ́ nítorí pé kò mọ̀ ọ́n? Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a fi ohun tí a mọ̀ lé ọ̀rẹ́ wa lọ.