Ìrìn-àjò Àwọn Ìyá Alásálátù sí Yàrà Ṣúńgbọ́



Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn kan wà ní ìtòsí wa tí ó gùn ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ. Bí ẹ bá dúró ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí ó jìn jù, tí ẹ gbójú sókè, orí rẹ̀ tó òrùlé ilé alájà mẹ́fà. Yàrà Ṣúńgbọ́ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Erédò. Àwọn òyìnbó a máa dá owó jọ, wọn a wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì láti lọ wo òpó òkúta tí ó ti wó. Wọn a jẹ oúnjẹ ibẹ̀, wọn a sì padà wá ròyìn rẹ̀ fún ọmọ wọn. Tiwa wà lẹ́yìnkùlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Ìbéṣè, àní àwa ará Ìkòròdú pátá, kò tíì fi ojú kàn án rí.

Kì í ṣe nítorí yàrà ni àwọn ìyá Alásálátù mọ́sálásí wa ṣe dá ìrìn-àjò yìí sílẹ̀ o. Níbi ìyàwó kan ni wọ́n ti gbọ́ pé ní Òkè-Ẹ̀rí, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni ibojì Bílíkísù wà, ọbabìnrin tí ó lọ bá Ànábì Sùlàímọ́nù. Inú wọn dùn púpọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní, “Ààfáà, àwa tí a kò rówó lọ sí Mẹ́kà, ṣé a kò lè lọ kí Bílíkísù?”

Ọ̀rọ̀ yìí bà mí lẹ́rù díẹ̀. Ládàánì ni mí, n kì í ṣe Lémọ̀mù, ṣùgbọ́n mo ka kéú tó láti mọ̀ pé ìbẹ̀wò ibojì ní ààlà tirẹ̀, àti pé kò sí ibojì kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó lè dúró ní ipò Mẹ́kà. Síbẹ̀, bí mo bá ní kí wọ́n má lọ, wọn yóò lọ láìsí mi. Mo wí fún wọn pé, “Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ, kí a lọ wò ó dáadáa.” A gba bọ́ọ̀sì méjì, a sì yan ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ.

Ojúmọ́ kò tíì mọ́ tán nígbà tí a kúrò ní Ìbéṣè. A gba Ìkòròdú, a gba ẹ̀bá Ìmọ́ta, níbi tí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní 2023 wà, a dé Itóìkin, a sì yà sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ọ̀nà náà. Ẹni tí ó bá ti gbà á rí mọ bí ó ti ń gbọn ènìyàn jìgìjìgì.

Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ìlú tí Mùsùlùmí lè kọjá láìdúró. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ja Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1854 ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn níbẹ̀, ní 1862 ó sì padà sí Èkó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó bá a wá ni ó bá a padà. Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, ẹ̀sìn sì tipa bẹ́ẹ̀ ta gbòǹgbò níbẹ̀. Títí di òní, wọ́n ṣì ń sọ pé Èkó Ẹ̀pẹ́ ni ẹni báyìí tàbí Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́.

Ọjà ẹja Olúwo ni àwọn ìyá wa fẹ́ rí. Ọ̀sà ni ó bí Ẹ̀pẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti bí Ìbéṣè, nítorí náà a rò pé kò sí ẹja tí wọn yóò fi hàn wá. Wọ́n fi hàn wá. Epìyà wà, àrọ̀ wà, ọ̀bọ̀kún wà, edé wà nínú agbọ̀n, àwọn míràn ṣì ń jà pìtìpìtì nínú abọ́. Àwọn ẹran igbó àti ẹran omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀yà, ahun, ọ̀nì kékeré tí wọ́n fi okùn di ẹnu rẹ̀. Àwọn ọmọdé sá fún ọ̀nì náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa fọwọ́ kan ọ̀yà yíyan kan, ó wo ojú mi. Mo bi ẹni tí ó ń tà á bóyá ọ̀bẹ ni ó pa á tàbí ìbọn tàbí tàkúté. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó kú. Ẹja ni a rà.

Láti Ẹ̀pẹ́ a gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Kò pẹ́ tí a dé ìlú Erédò, tí wọ́n fi orúkọ yàrà náà pè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ibẹ̀ mú wa wọ inú igbó. Mo rò pé ògiri ni a ó kọ́kọ́ rí lókèèrè, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kàn là sílẹ̀ níwájú wa ni. Àwọn ìyá wa di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ bí ọmọdé, títí gbogbo wa fi dé ìsàlẹ̀.

Gbogbo ariwo dákẹ́. Ilẹ̀ pupa ni ògiri náà lọ́tùn-ún lósì, ó dúró ṣánṣán, ewédò àti ìtàkùn bò ó. Àwọn igi tí ó wà lókè na ẹ̀ka bo ara wọn lórí wa bí àtíbàbà, ibẹ̀ sì tutù bí inú ìkòkò àmù. Bí àwọn tí ó gbẹ́ ẹ ṣe ṣe é nìyí: wọ́n ń wa ilẹ̀ láti inú yàrà, wọ́n sì ń da erùpẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí yàrà lè máa jìn kí ògiri sì máa ga. Ibi tí ó ga jù tó ogún mítà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà. Ọkọ́ àti agbọ̀n ni, kò sí katakata.

Peter Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959, ṣùgbọ́n Patrick Darling, awalẹ̀wádìí láti Yunifásítì Bournemouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé òkìkí rẹ̀ dé etí gbogbo ayé ní 1999. Ó ní erùpẹ̀ tí wọ́n wà níbẹ̀ ju ohun tí wọ́n fi kọ́ òkìtì òkúta ńlá ti àwọn Fáráò ní Gíísà lọ. Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn ìyá wa nínú yàrà náà, ọ̀kan nínú wọn tí ó ń ta búrẹ́dì béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé tí mo kà: “Ta ni ó ń se oúnjẹ fún wọn?”

Ẹ gbọ́, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá se é, kì í ṣe gàrí. Ẹ̀gẹ́ kò tíì dé ilẹ̀ wa nígbà náà, láti Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti gbé e wá lẹ́yìn náà. Àfi bí ó bá jẹ́ iṣu.

A dé Ìjẹ̀bú-Òde ní ọ̀sán, a kírun Súúrì àti Àsárì papọ̀ ní ìkékúrú gẹ́gẹ́ bí onírìn-àjò, a sì wá oúnjẹ lọ. Ìkọ́kọrẹ́ ni ẹnu gbogbo wa ń fẹ́. Àwa ará Ìkòròdú náà ń se é, ṣùgbọ́n ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ lójú ará Ìjẹ̀bú. Ìyá olóúnjẹ náà jẹ́ kí àwọn obìnrin wa wọ ilé ìdáná wò ó. Ewùrà ni ó rin, ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Ó se ata, epo pupa, edé àti ẹja yíyan títí omi ọbẹ̀ náà fi ta sánsán. Nígbà náà ni ó wá ń fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú rẹ̀ ní kékeré kékeré, ó dé e, ó dín iná kù. Ọ̀kan nínú tiwa na ọwọ́ sí orógùn. Ìyá náà gbá ọwọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ní, “Ẹ má rò ó! Bí ẹ bá tètè rò ó, lẹ́ẹ̀ẹ́ ni yóò dà.” Ó yẹ kí kókó rẹ̀ wà lẹ́nu, kí omi ọbẹ̀ sì ti wọ inú kókó náà. Mo jẹ abọ́ méjì. Wọ́n gbé ẹbiripo wá pẹ̀lú, kókò tí wọ́n rin tí wọ́n pọ́n sínú ewé tí wọ́n sì sè. Àwọn ọmọdé kò fẹ́ràn rẹ̀, àwọn àgbà gba tiwọn jẹ.

Ó wá ku Òkè-Ẹ̀rí.

Nínú bọ́ọ̀sì, kí a tó débẹ̀, mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún wọn. Ìtàn ọbabìnrin náà wà nínú Sùrátù Námúlì, láti orí ẹyẹ Húdíhúdù tí ó mú ìròyìn wá, títí dé ìgbà tí ó rò pé omi ni dígí ààfin tí ó sì ká aṣọ rẹ̀ sókè. Àlùkùránì kò dá orúkọ rẹ̀. Àwọn onítúmọ̀ ni ó pè é ní Bílíkísù. Sábà, ìlú rẹ̀, wà ní ilẹ̀ Yémẹ̀n, ní agbègbè Máríbù, ìgbà ayé Ànábì Sùlàímọ́nù sì fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú ti Ànábì Ísà. Yàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ńkọ́? Darling fi í sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn awalẹ̀wádìí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì sún un súnmọ́ wa sí i, sí nǹkan bí 1370 sí 1420. Èyí ó wù kí ó jẹ́, obìnrin kan kò lè gbé ayé ní ìgbà méjèèjì.

Ìyá Àdínnì wa ní, “Ààfáà, ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún wa ni?” Mo ní rárá o. Àwọn Ìjẹ̀bú ní obìnrin tiwọn, Ṣúńgbọ́, ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, tí ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà kí orúkọ òun má baà parẹ́. Bóyá nígbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù dé ni àwọn ènìyàn fi orúkọ Bílíkísù kún tirẹ̀, láti fi bu ọlá fún un. Lójú tèmi, obìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe irú yàrà yẹn kò nílò ọlá àyálò.

Nígbà tí a dé ẹnu igbó ibojì náà, àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kí wa dáadáa, wọ́n sì sọ òfin ibẹ̀ fún wa: obìnrin kì í wọlé. Àwọn ìyá wa wo ara wọn. Ẹni tí ó ti béèrè nípa Mẹ́kà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ forí jì mí o. Ṣé obìnrin kọ́ ni ẹ sin síbẹ̀ ni?” Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní bí àwọn ti bá a lọ́wọ́ àwọn bàbá àwọn nìyẹn. Èmi àti àwọn dẹ́rẹ́bà ni ì bá wọlé. Èmi kò wọlé. Bí àwọn tí ó ni ìrìn-àjò bá dúró níta, kí ni ládàánì wọn ń wá nínú ilé?

Ọ̀dọ́bìnrin kan wà láàárín wa tí ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ tí kò tíì bímọ. Ó dá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì fi owó tí ó so mọ́ etí ìró rẹ̀ hàn mí. Ó fẹ́ kí n bá òun gbé e wọlé, kí n bá òun tọrọ ọmọ.

Ó bi mí pé, “Ààfáà, òótọ́ ni pé òun náà kò bí?”

Mo ní, “Bí ìtàn ti wí nìyẹn.”

Ó dákẹ́. Mo rán an létí Ànábì Sàkáríyà, tí irun orí rẹ̀ ti funfun kí ó tó rí Yáyá bí, àti Ẹni tí òun tọrọ lọ́wọ́ Rẹ̀. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi ti wà lójú rẹ̀. Nígbà tí a dúró lọ́nà láti ra gàrí, òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Ó tú etí ìró náà, ó sì fi gbogbo owó inú rẹ̀ ra gàrí Ìjẹ̀bú, gbígbẹ, kíkúná, èyí tí wọ́n fi ọjọ́ púpọ̀ sí i kí ó tó kan bẹ́ẹ̀. Ó bu fún gbogbo ilé tí ó yí tirẹ̀ ká nígbà tí a délé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè lọ. Láti 1995 ni orúkọ yàrà náà ti wà nínú àwọn ohun tí ìjọba orílẹ̀-èdè wa fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń kọ́lé àti àwọn tí ó ń wa iyẹ̀pẹ̀ kò dúró de UNESCO. Ibì kan wà tí a rí tí wọ́n ti sọ ọ́ di ààtàn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára, nítorí ilẹ̀ náà ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, ẹ mú omi mímu dání, ẹ wá ọmọ ìlú kan tí yóò fi ọ̀nà hàn yín ní Erédò, kí ẹ sì fún un ní nǹkan. Bí ẹ bá padà láti Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà Itóìkin yá ju pé kí ẹ tún gba Ẹ̀pẹ́. A dé Ìbéṣè kí wọ́n tó pe ìrun Ìṣáì, ọmọkùnrin tí mo fi dípò mi ni ó sì pè é.